NÍGBÀ TÍ ÀÌSÀN TUNTUN BÁ DÉ, KÍ NI ẸNU WA Ń GBÉ KIRI?

Ẹ̀kọ́ fún Ìpàdé Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin

Bíbélì kíkà: Léfítíkù 13:1–8, Númérì 12:9–15, Lúùkù 13:1–5

Àkọ́sórí: Òwe 18:13 (Kí olúkúlùkù ṣí i nínú Bíbélì rẹ̀, kí a jọ kà á, kí a sì mọ̀ ọ́n lórí kí ìpàdé tó parí.)

Ète ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ bí obìnrin onígbàgbọ́ ṣe ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀, bí ó ṣe ń tọ́jú ilé rẹ̀, àti bí kò ṣe ní kọ ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ìròyìn àìsàn bá gba ìlú kan.

  

Ẹ̀kọ́ wa yìí dá lórí ohun kan tí kì í jẹ́ kí ìlú sùn bí ó bá ṣẹlẹ̀. Rédíò yóò sọ pé àìsàn fúlúù tuntun kan ti bẹ́ sílẹ̀ ní ibì kan. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà yóò ti di oríṣi mẹ́wàá lọ́jà. Ọ̀kan yóò ní òyìnbó ni ó ṣe é láti pa wá. Èkejì yóò ní kò sí àìsàn kankan, pé ìjọba ni ó ń wá owó. Ẹ̀kẹta yóò ní òun mọ ewé tí ń wò ó, pé lójú ẹsẹ̀ ni. Ẹ̀kẹrin yóò sì na ìka sí ilé aládùúgbò rẹ̀ pé ibẹ̀ ni ó wà. Ìbéèrè wa lónìí ni pé: nínú gbogbo ariwo yìí, níbo ni obìnrin Ìjọ Elétò dúró sí?

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ NÍ KÀBBÀ

A kò ní láti lọ jìnnà kí a tó rí àpẹẹrẹ. Àìsàn kòrónà ti ọdún 2020 kì í ṣe fúlúù gan-an, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà: èémí, ikọ́, sísín, àti ọwọ́ tí a kò fọ̀. Ní 27 February 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní in ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Láti ọjọ́ náà títí di apá ìparí oṣù May, wọn kò kéde ẹnì kankan ní Ìpínlẹ̀ Kogi. Àwọn kan nínú wa dúpẹ́ pé Ọlọ́run bò wá. Àwọn mìíràn ní wọn kò yẹ ẹnikẹ́ni wò ni. Àwọn kan tilẹ̀ búra pé oòrùn Kogi ni kò jẹ́ kí ó wọlé.

Ní 27 May 2020, àjọ NCDC tí ó ń rí sí àjàkálẹ̀-àrùn kéde àwọn 2 àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ wa. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní òun kò gba èsì náà. Bí àwọn aláṣẹ ṣe ń jiyàn lókè ni àwa náà ń jiyàn nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò sì pẹ́ kàn wá lára, nítorí nígbà tí June ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n pàṣẹ pé kí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Kàbbà-Bùnú wọlé, kí ẹnikẹ́ni má jáde fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé nígbà náà ẹ rántí. Ẹni tí ó ní ata lọ́jà kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́ja ń ké lórí fóònù. Ohun tí ó sì pọ̀ jù nínú ilé wa ní ọjọ́ wọ̀nyẹn kì í ṣe oúnjẹ, ọ̀rọ̀ ni. Kò sí ẹni tí kò ní ìròyìn. Ta ni ó kó o wá? Ta ni ó kí i? Ilé wo ni ó jókòó sí?

OHUN TÍ A GBỌ́DỌ̀ JẸ́WỌ́

Àwa tí a kọ ẹ̀kọ́ yìí ní ẹ̀bi tí a gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ kí a tó lè kọ́ ẹlòmíràn. Arábìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, opó ni, ògì àti ẹ̀kọ ni ó ń tà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020 ó lọ sí Èkó láti bá ọmọ rẹ̀ obìnrin tọ́jú ìkókó. Ó padà délé kí wọ́n tó ti ojú ọ̀nà. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí ó dé, ikọ́ mú un.

Ẹ̀yin ará, a kò béèrè bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a kò ra ògì rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó kọjá, a yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀kan nínú wa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù pé kí gbogbo ẹgbẹ́ ṣọ́ra, nítorí ẹnì kan ti gbé e dé láti Èkó. Kò dárúkọ, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀? Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ náà ti dé àwọn ìlú tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Wọ́n tilẹ̀ fi kún un pé wọ́n ti fi ọkọ̀ gbé e lọ.

Kò sí ọkọ̀ tí ó gbé e. Inú yàrá rẹ̀ ni ó wà. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó ń mu àgbo, ó sì ń kọ́ sínú ìrọ̀rí kí aládùúgbò má baà gbọ́. Ó bẹ̀rù pé bí òun bá dé ilé ìwòsàn, àwọn aláṣọ funfun yóò gbé òun lọ síbi tí ojú ọmọ òun kò ní tó mọ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ni ọmọkùnrin rẹ̀ fi ọ̀kadà gbé e lọ nígbà tí kò lè mí dáadáa mọ́. Dókítà ní àìsàn ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, pé ká ní ó tètè wá, ìtọ́jú ìbá rọrùn. Ọlọ́run dá a sí. Ṣùgbọ́n ó ju oṣù mẹ́rin lọ kí ó tó lè gbé garawa omi. Nígbà tí a lọ bẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sọ tí ó mú wa sunkún. Ó ní, “Ikọ́ náà kọ́ ni ó dùn mí jù. Ilẹ̀kùn mi tí ẹnikẹ́ni kò kàn ni.”

Títí di òní a kò mọ̀ bóyá kòrónà ni tàbí àìsàn mìíràn. Ohun tí a mọ̀ ni pé ẹnu wa ni ó ti ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn bí a ti ń bá ẹ̀kọ́ wa lọ.

LÚKÚLÚKÚ TI ỌDÚN 1918

Kì í ṣe àwa ni irú èyí kọ́kọ́ bá. Àwọn àgbà tí ó bí àwọn òbí wa sọ̀rọ̀ nípa àìsàn kan tí wọ́n pè ní lúkúlúkú. Fúlúù ni. Ó bẹ́ sílẹ̀ káàkiri ayé nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń parí lọ. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ènìyàn ayé ni ó mú, àwọn tí ó sì pa kò dín ní 50 mílíọ̀nù. Òyìnbó pè é ní fúlúù Sípéènì, ṣùgbọ́n kì í ṣe Sípéènì ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ń jagun kò jẹ́ kí ìwé ìròyìn wọn sọ ọ́, kí ọ̀tá má baà mọ̀ pé ara ọmọ ogun wọn kò yá. Sípéènì kò sí nínú ogun, nítorí náà ìwé ìròyìn tiwọn sọ òtítọ́. Ẹni tí ó sọ òtítọ́ ni wọ́n wá fi orúkọ àìsàn sọ. Ẹ rí i pé àṣà pé kí a wá ẹni tí a ó di ẹrù àìsàn lé lórí ti pẹ́ láyé.

Ní oṣù September 1918 ni ọkọ̀ ojú omi gbé e dé Èkó láti apá Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní. Àwọn aláṣẹ ìgbà náà ń wọ ilé kiri láti wá aláìsàn, wọ́n ń kó wọn lọ sí ibi àdádó, wọ́n sì ń da oògùn sí ilé. Wọn kò ṣàlàyé fún àwọn ènìyàn ní ọ̀nà tí ó lè fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Ìbẹ̀rù mú ìlú. Ọ̀pọ̀ sá kúrò ní Èkó, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n padà sí ìlú wọn. Àwọn kan nínú àwọn tí ó ń sá fún àìsàn náà ni wọ́n gbé e dání. Bẹ́ẹ̀ ni ó gba ojú irin àti ojú odò wọ inú ilẹ̀ lọ. Nínú nǹkan bí 18 mílíọ̀nù ènìyàn tí ó wà ní Nàìjíríà nígbà náà, àwọn onímọ̀ ìtàn fojú bù ú pé ó pa nǹkan bí 500,000 láàrin oṣù díẹ̀. Bí a bá kó ènìyàn 36 jọ, ọ̀kan nínú wọn lọ. Ẹ wo bí a ti jókòó nínú ìpàdé yìí, kí ẹ sì kà á.

Ohun tí ó tún dẹ́rù bani ni pé kì í ṣe àgbàlagbà àti ọmọdé nìkan ni ó pa. Ó pa ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ara wọn le, àwọn tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 20 sí 40, àwọn tí ó ń roko, àwọn tí ó ń tọ́ ọmọ.

Ní ọdún náà gan-an ni àwọn onígbàgbọ́ díẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ fún àdúrà. J. B. Shadare jẹ́ aṣáájú wọn, obìnrin kan tí ń jẹ́ Sophia Odunlami sì wà lára wọn. Láti inú ẹgbẹ́ àdúrà yẹn ni ọ̀kan nínú gbòǹgbò àwọn ìjọ Aládùúrà ti yọ. Nígbà tí ìdààmú dé, àdúrà ni wọ́n sá lọ bá, a kò sì lè bá wọn wí nítorí ìyẹn. Ìmọ̀ ìṣègùn ìgbà náà kò tilẹ̀ tíì mọ ohun tí ó ń fa fúlúù, nítorí ọdún 1933 ni wọ́n tó rí kòkòrò tí ń mú un bá ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwa ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tí a fún ní púpọ̀, púpọ̀ ni a ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

ÌRÒYÌN TÍ Ó DI ÀÌSÀN FÚNRA RẸ̀

Láti ìgbà náà wá, bí àìsàn tuntun bá ti dé, ìròyìn tuntun a bá a dé. Ní February 2006, wọ́n kéde fúlúù adìẹ ní oko kan ní Jájì, Ìpínlẹ̀ Kaduna. Nàìjíríà ni ó kọ́kọ́ rí i ní gbogbo Áfíríkà. Àwọn ènìyàn kò jẹ adìẹ mọ́, wọn kò jẹ ẹyin mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹran tí a bá sè jinná dáadáa kò lè kó o ranni. Ìnáwó ilé ọ̀pọ̀ obìnrin tí ń sin adìẹ bàjẹ́. Níhìn-ín ìbẹ̀rù tóbi ju ewu tí ó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ewu gan-an wà, ìyẹn ni kí a máa fi ọwọ́ lásán pa adìẹ tí àìsàn ń ṣe, kí a máa tu ìyẹ́ rẹ̀ láàrin àwọn ọmọ, ọ̀pọ̀ kò bìkítà fún un.

Ní ọdún 2009, fúlúù mìíràn jáde tí wọ́n ń pè ní fúlúù ẹlẹ́dẹ̀. Ènìyàn ni ó ń kó o ran ènìyàn. Síbẹ̀ ìjọba Íjíbítì pàṣẹ kí wọ́n pa gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ wọn. Ẹlẹ́dẹ̀ kú, àìsàn náà kò dúró.

Ní ọdún 2014, Èbólà dé Èkó. Ní òru ọjọ́ kan ní oṣù August, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri: kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀. Ta ni kò rántí? Àwọn ìyá jí àwọn ọmọ wọn dìde lóru. Àjọ ìlera àgbáyé jẹ́rìí pé ó kéré tán ènìyàn 2 ni ó kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Èbólà kọ́ ni ó pa wọ́n, ìfẹ́ ẹni tí ó fi ìròyìn tí kò dá lójú ránṣẹ́ sí wọn ni. Àwọn mìíràn ní orógbó ni oògùn rẹ̀, owó orógbó sì gun òkè. Ohun tí ó lé Èbólà lọ kì í ṣe iyọ̀, kì í sì í ṣe orógbó. Dókítà obìnrin kan, Ameyo Stella Adadevoh, kò gbà kí aláìsàn àkọ́kọ́ jáde kúrò ní ilé ìwòsàn. Ó fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i ní 19 August 2014. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì wá gbogbo àwọn tí ó ti súnmọ́ àwọn aláìsàn kàn, nǹkan bí 900 ènìyàn, wọ́n ń lọ wò wọ́n nílé lójoojúmọ́. Ènìyàn 20 ni ó mú, 8 kú, nígbà tí ó sì di 20 October 2014, wọ́n kéde pé ó ti kúrò ní ilẹ̀ wa. Ìṣọ́ra tí ó létò ni Ọlọ́run lò.

Ní March 2020, a tún gbọ́ pé oògùn ibà àtijọ́, kòlórókúìnì, ń wo kòrónà. Àwọn kan ní Èkó gbé e mì lójú ara wọn, ó sì gbé wọn dé ilé ìwòsàn nítorí ó ti pọ̀ jù lára. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀ kì í ṣe é kó. Ìròyìn tí a fi fóònù tẹ̀ pẹ̀lú ìka kan ṣoṣo, ẹyin náà ni.

KÍ NI FÚLÚÙ?

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ń bẹ̀rù. Fúlúù kì í ṣe ọ̀fìnkìn lásán. Kòkòrò kan tí ojú kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní fáírọ́ọ̀sì, ni ó ń fà á. Bí ẹni tí ó ní in bá kọ́ tàbí sín, tàbí tí ó bá ń sọ̀rọ̀ nítòsí wa, ó lè wọ imú, ẹnu tàbí ojú wa. Ó sì lè gba ọwọ́ wọlé. Láàrin ọjọ́ 1 sí 4, ara yóò gbóná lójijì, orí yóò máa fọ́, gbogbo ara yóò máa ro, ọ̀fun yóò máa dunni, ikọ́ yóò sì dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ara wọn ń yá láàrin ọ̀sẹ̀ kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ní in lè kó o ran ẹlòmíràn láti ọjọ́ kan kí ó tó mọ̀ pé ara òun kò yá, títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà.

Kí ni ó ń mú tuntun jáde? Fáírọ́ọ̀sì yìí a máa pààrọ̀ aṣọ. Ó ń gbé lára ẹyẹ, ó ń gbé lára ẹlẹ́dẹ̀, ó ń gbé lára ènìyàn. Nígbà mìíràn yóò wọ aṣọ tí ara wa kò rí rí, ara kò sì ní mọ bí yóò ti bá a jà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ké sí ayé nígbà tí tuntun bá jáde. Kò túmọ̀ sí pé gbogbo èyí tí wọ́n bá kéde ni yóò rí bí ti 1918.

Àwọn tí ó yẹ kí a ṣọ́ jù ni àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, àwọn àgbà tí ó ti lé ní 65, aláboyún, àti ẹni tí ó ní ikọ́ fée, àtọ̀gbẹ, àìsàn ọkàn tàbí sickle cell.

OHUN TÍ Ọ̀RỌ̀ ỌLỌ́RUN KỌ́ WA

1. Wò ó kí o tó sọ ọ́. Nínú Léfítíkù 13, nígbà tí àpá bá yọ lára ènìyàn, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni láàrin ìlú pè é ní adẹ́tẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni yóò wò ó. Bí kò bá dá a lójú, yóò dúró fún ọjọ́ méje, yóò tún un wò. Bí kò bá sì tíì dá a lójú, yóò tún dúró fún ọjọ́ méje mìíràn. Ọjọ́ mẹ́rìnlá kí ẹnu tó sọ ọ̀rọ̀ kan! Àwa ńkọ́? Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ti pọ̀ jù fún wa. Òwe 18:13 sì ka ìdáhùn tí ó ṣáájú ìgbọ́ràn sí ìwà òmùgọ̀ àti ìtìjú.

2. Ìyàsọ́tọ̀ kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Ẹ wo ìtàn Míríámù. Ẹnu ni ó kọ́kọ́ kó bá a, ó sọ̀rọ̀ sí Mósè nítorí ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀tẹ̀ sì bo ara rẹ̀, wọ́n mú un jáde kúrò ní ibùdó fún ọjọ́ méje. Ó tọ́, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹsẹ 15 dáadáa. Gbogbo Ísírẹ́lì dúró. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ó ń lọ sí ilẹ̀ ìlérí kò gbé ẹsẹ̀ títí obìnrin kan ṣoṣo fi wọlé padà. Ó wà níta, ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé rẹ̀ síta. Ibi tí a ti ṣẹ arábìnrin wa nìyí. A ya ara wa kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, a kò sì dúró dè é.

3. Má ṣe fi àìsàn ẹnìkejì ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan lè fi ọ̀ràn Míríámù wí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ó ń mú àìsàn bá gbogbo ènìyàn. Jésù kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú ìròyìn ikú wá bá a nínú Lúùkù 13, ó rán wọn létí àwọn 18 tí ilé ìṣọ́ wó pa ní Sílóámù. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò ju ti àwọn yòókù lọ, ó sì yí ìbéèrè náà sí àwọn tí ó ń gbọ́ ọ: kí olúkúlùkù wo ara rẹ̀.

4. Ìgbàgbọ́ kò bá ìtọ́jú jà. Jòhánù Wesley, baba Ìjọ Elétò, ṣí ibi tí wọ́n ti ń fún tálákà ní oògùn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1746. Ní 1747 ó tẹ ìwé ìtọ́jú ara jáde fún àwọn tí kò ní owó dókítà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn Elétò ni ó dá ilé ìwòsàn Wesley Guild sílẹ̀ ní Iléṣà. Níbẹ̀ ni Dókítà David Morley ti ṣiṣẹ́ ní àwọn ọdún 1950, tí ó sì fi káàdì ìwọ̀n ọmọ lé àwọn ìyá lọ́wọ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, kí ìyá fúnra rẹ̀ lè máa rí bí ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Ìyá tí ó mọ òtítọ́ jẹ́ ìdajì dókítà. Àwọn baba wa nínú ìgbàgbọ́ gbàdúrà, wọ́n sì da oògùn sínú ìgò.

OHUN TÍ A Ó MÁA ṢE

Ní ti ẹnu wa: kí a tó gbé ìròyìn àìsàn kiri, kí a bi ara wa ní ohun mẹ́ta. Ta ni ó sọ ọ́, ṣé ó sì mọ̀ ọ́n ní tòótọ́? Ṣé yóò ran ẹni tí ó gbọ́ ọ lọ́wọ́, tàbí yóò kàn bà á lẹ́rù ni? Bí ó bá jẹ́ ọmọ mi ni wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣé n óò gbé e kiri bẹ́ẹ̀? Bí ìdáhùn kò bá dára, kí ọ̀rọ̀ náà kú sọ́wọ́ wa. Kí a lọ bi nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ìlera tí ó wà ní àdúgbò.

Ní ti ilé wa: kí a máa fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́. Kí a fi ìgúnpá tàbí aṣọ bo ẹnu bí a bá ń kọ́. Kí a ṣí fèrèsé. Kí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá dúró sílé, kí ó má wá sí ìpàdé nítorí ìtìjú pé a ó pe orúkọ òun. Bí a bá fẹ́ kíni, ìkúnlẹ̀ tí àwọn ìyá wa kọ́ wa kò béèrè pé kí ọwọ́ kan ọwọ́. Kí aláìsàn máa mu omi àti ọbẹ̀ gbígbóná, kí ó sì sinmi. Kápúsù aláwọ̀ méjì tí a ń rà lẹ́yọ-lẹ́yọ lọ́jà kì í pa kòkòrò fúlúù. Kí a má fún ọmọdé ní asipirínì. Kí a má sì ro pé gbogbo ara gbígbóná ni fúlúù: ibà tí ẹ̀fọn ń fà ṣì wà láàrin wa, ó sì ń pa ọmọ. Kí a lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Àmì tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la: bí ènìyàn bá ń mí kíákíá tàbí tí àyà ń wọlé bí ó bá ń mí, bí ètè bá dúdú, bí ọmọ kò bá mu omi tàbí ọmú, bí gìrì bá mú un, bí àgbà bá ń ṣọ̀rọ̀ ségesège, tàbí bí ara bá ti yá tí ibà àti ikọ́ tún padà wá pẹ̀lú agbára. Ilé ìwòsàn ni ọ̀nà, ní ọjọ́ náà.

Ní ti ẹgbẹ́ wa: a ní kíláàsì, a ní olórí kíláàsì. Kí olórí kíláàsì kọ orúkọ àwọn opó àti àwọn àgbà tí ó ń dá gbé. Bí àìsàn bá dé, kí a pín wọn fún ara wa. Ẹnì kan yóò máa pè é lórí fóònù lówùúrọ̀ àti lálẹ́. Ẹnì kan yóò gbé oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà, yóò kan ilẹ̀kùn, yóò sún sẹ́yìn, yóò sì dúró títí yóò fi gbọ́ ohùn rẹ̀. Kí a fi owó díẹ̀ pamọ́ nínú àpótí ẹgbẹ́ fún ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Arábìnrin wa tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dá owó sí èyí tí a bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí ilẹ̀kùn ẹlòmíràn má ṣe wà láìkàn.

Elétò ni orúkọ tí ayé pè wá. Bí àìsàn tuntun bá dé, kí ètò wa hàn nínú ọ̀rọ̀ tí a sọ àti nínú ọ̀nà ilé tí a rìn dé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ìròyìn wo nípa àìsàn ni o ti gbé kiri rí tí o wá rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀? Kí ni ó ṣe fún ẹni tí ó gbọ́ ọ?

2. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin kí a ya aláìsàn sọ́tọ̀ àti kí a kọ̀ ọ́ sílẹ̀? Fi Númérì 12:15 ṣàlàyé.

3. Èé ṣe tí àwọn ènìyàn fi sá kúrò ní Èkó ní 1918? Báwo ni a ṣe lè sọ òtítọ́ fún aládùúgbò wa kí ó má baà sá tàbí kí ó fara pamọ́?

4. Ta ni ó ń dá gbé nínú kíláàsì rẹ? Ta ni yóò kan ilẹ̀kùn rẹ̀?

ÀDÚRÀ

Baba wa ọ̀run, dárí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnu wa jì wá. Ìwọ tí o dúró de Míríámù, kọ́ wa láti dúró de ara wa. Fún àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì àti gbogbo òṣìṣẹ́ ìlera wa ní ọgbọ́n àti okun. Fún àwọn aláṣẹ wa ní ọkàn òtítọ́. Pa àwọn ọmọ wa àti àwọn àgbà wa mọ́. Nígbà tí ìròyìn búburú bá sì dé ìlú wa, jẹ́ kí ó bá ọkàn wa nínú àlàáfíà, kí ó bá ọwọ́ wa lẹ́nu iṣẹ́. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.